Ṣé àwa tọkọtìyàwó lè lọ sí Museum of Ice Cream ní New York, àbí ti ọmọdé ni?

Mọ́mì Tómi, Súrùlérè

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó náwó.

Àbúrò ọkọ mi tó ń gbé ní Brooklyn ló ní ká wá bá òun ṣe ìkẹ́kọ̀ọ́yege ọmọ òun lóṣù karùn-ún. Físà ti jáde. Ìyá mi á wá dúró ti àwọn ọmọ, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Èmi àti Dádì Tómi nìkan là ń lọ, kò sí ọmọ kankan lẹ́yìn wa. Ẹni tó bá ti bímọ mẹ́ta ló máa mọ adùn ohun tí mò ń wí.

Mo wá rí ibì kan lórí fóònù, Museum of Ice Cream ni wọ́n ń pè é, ní SoHo. Ògiri pinki, ilẹ̀ pinki, òkè àjà pinki. Àgbàlagbà ń yọ̀ lórí sláìdì, wọ́n ń bẹ́ sínú kòtò kan tó kún fún àwọn tíntìntín aláràbarà tí àwọn oníkéèkì máa ń wọ́n sórí kéèkì, áísìkirimù sì wà níbẹ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní. Mo ní ibí gan-an la ti máa ṣe àyájọ́ ìgbéyàwó wa.

Mo fi han Dádì Tómi. Wọ́n wò ó, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wò ó. Wọ́n ní, "Mùsíọ́mù áísìkirimù? Kí ni wọ́n kó síbẹ̀, eegun màlúù tó fún wọn ní wàrà?" Wọ́n ní mùsíọ́mù táwọn mọ̀ ni ti Oníkan, níbi téèyàn ti ń rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba rẹ̀. Ẹnjiníà ni wọ́n, iṣẹ́ afárá ni wọ́n ń ṣe, eré ò sí lọ́rọ̀ wọn láàárọ̀, kò sí nírọ̀lẹ́. Kì í ṣe pé wọ́n burú o. Tí mo bá ní ká lọ, wọ́n á tẹ̀ lé mi, àmọ́ wọ́n á lọ dúró sí kọ̀rọ̀ bí ẹni tó wá ka mítà iná.

Ẹni tó bá ti lọ pẹ̀lú ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀, kí lẹ bá níbẹ̀? Ṣé kì í ṣe àárín àwọn ọmọdé la máa lọ há sí? Ṣé ó tó ohun téèyàn ń náwó sí? Tí irú ẹ̀ bá wà l'Ékòó níbí tí mo lè kọ́kọ́ fi dán wọn wò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ ẹ̀ fún mi.

Ọmọ Ìdúmọ̀tà

Àǹtí, owó dọ́là lẹ fẹ́ lọ fi ṣeré nínú ike? Ẹni tí áísìkirimù bá ń wù, kẹ̀kẹ́ FanMilk wà ní CMS láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ ra FanYogo méjì, ẹ fi eyín fa ẹnu ọ̀rá ẹ̀ ya, ẹ dúró sí Marina kẹ́ ẹ máa wo omi. Àyájọ́ ti parí. Ẹ fi owó tó kù ra bàtà fún bọ̀dá, torí mo fara mọ́ wọn gidi gan-an.

Ìyá Moyọ̀, Yaba

Ọmọ Ìdúmọ̀tà, FanYogo ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí obìnrin gbádùn ọkọ ẹ̀.

Mọ́mì Tómi, mo ti débẹ̀. Èmi àti Bàbá Moyọ̀ ni, ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Queens la dé sí, ọjọ́ Wẹ́sídè la lọ, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Ohun tí ojú mi rí ni mo máa sọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ eegun màlúù. Ẹ má pè é ní mùsíọ́mù létí Dádì Tómi mọ́, ibi eré ni. Maryellis Bunn àti Manish Vora ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 2016, ní àdúgbò Meatpacking ní New York kan náà. Ìgbà ooru ọdún yẹn nìkan ni wọ́n fẹ́ fi ṣe é kí wọ́n sì palẹ̀ mọ́, àmọ́ tíkẹ́ẹ̀tì tán kí ọ̀pọ̀ èèyàn tó gbọ́ pé ó wà. Ni wọ́n bá gbé e lọ sí Los Angeles, San Francisco àti Miami ní 2017. Eléyìí tẹ́ ẹ rí ní SoHo, ní 558 Broadway, oṣù Kejìlá ọdún 2019 ni wọ́n ṣí i, àjà mẹ́ta ni, wọn ò sì kọ́ ọ láti tú u ká. Singapore ní tiẹ̀ láti 2021. Ẹ máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ìtàn áísìkirimù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó torí ìyẹn lọ.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ó sì mú ọjọ́ àti aago tẹ́ ẹ fẹ́ wọlé. Iye ẹ̀ ò dúró lójú kan: ó máa ń wọ́n ní Sátidé àti Sọ́ńdè, ó máa ń dẹ̀ díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ àárín ọ̀sẹ̀ náà ni àwọn ọmọdé kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Lọ́jọ́ tá a lọ, àwọn ọ̀dọ́ tó ń fẹ́ra wọn ló pọ̀ jù, àwọn ọmọbìnrin kan wá ṣe ọjọ́ ìbí, àwọn òyìnbó méjì kan sì wà, ọkọ àti aya, irun orí wọn ti funfun báláú, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú láti yàrá dé yàrá. Àwọn gan-an ló kọ́kọ́ jẹ́ kí ojú tì mí díẹ̀ pé èmi àti ọkọ mi ń rìn gánrangànran.

Ẹnu ọ̀nà ni eré ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin kan mú péńnì dání, ó ní kí kálukú fún ara rẹ̀ lórúkọ aládùn tí wọ́n á máa fi pè é títí á fi jáde. Mo ní èmi Àádùn. Bàbá Moyọ̀ wo ojú mi, ó wo ojú ọmọ yẹn, ó ní, "Bàbá Dúdú." Ọmọ yẹn ní kó ka lẹ́tà ẹ̀ fún òun níkọ̀ọ̀kan. Ó kà á. Wọ́n kọ ọ́ sára bébà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn láyà. Ọ́dítọ̀ ni Bàbá Moyọ̀ o, irú ẹni tí ọ́fíìsì máa ń pa lọ́lọ́ tó bá ti wọlé. Bá a ṣe ń bọ́ sí yàrá tó tẹ̀ lé e báyìí, àwọn òṣìṣẹ́ ń kígbe, "Baba Dudu! Baba Dudu!" Nígbà tó yá, ó ń juwọ́ sí wọn.

Yàrá kan wà tó jẹ́ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ wọn, pinki látòkè délẹ̀. Wọ́n ń fún wa ní áísìkirimù bá a ṣe ń lọ, oríṣi kan níbí, oríṣi mìíràn lọ́hùn-ún, ẹni tó bá fẹ́ sí i á tún gbà. Mi ò ní tàn yín, púpọ̀ nínú àwọn yàrá tó kù, fún fọ́tò ni. Ẹ ó wọlé, ẹ ó rí i, ẹ ó jáde.

Sláìdì ló yàtọ̀. Òkè pátápátá ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń bọ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Bàbá Moyọ̀ ti ní òun ò ní í gùn ún, òun á gba àtẹ̀gùn. Àmọ́ ọ̀nà tó gbà wọ orí ìlà ni mi ò mọ̀, ó kàn bá ara ẹ̀ níwájú ni. Ó gbá ṣòkòtò ẹ̀ mú lórúnkún, ó ń yẹ ẹnu ihò yẹn wò. Ọmọbìnrin kékeré kan wà lẹ́yìn ẹ̀, bóyá ọmọ ọdún méje, ó ti su ú. Ó wo bébà tó wà láyà ẹ̀, ó ní kí Baba Dudu máa lọ jàre. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ. Ariwo tó pa, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu ẹ̀ rí, kódà lálẹ́ tí Super Eagles gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní 2013. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, ó ti tún ń wá àtẹ̀gùn tí wọ́n ń gbà padà sókè.

Kòtò àwọn tíntìntín yẹn ńkọ́? Ike ni wọ́n, ẹ má fi sẹ́nu. Ẹ máa bọ́ bàtà kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Kò jìn, kò sì ṣeé lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ̀yìn lélẹ̀, á gbé yín díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ ó máa rì. Ohun tó kàn wà nípa ẹ̀ ni pé kì í fẹ́ dúró nínú kòtò. Ní Miami Beach, níparí 2017, ìjọba ìlú bu owó ìtanràn 1,000 dọ́là lé wọn, torí pé ó ń bá bàtà àti aṣọ àwọn èèyàn jáde, ó ń dà sójú títì, òjò lè gbá a wọ gọ́tà. Àwa tá à ń gbé l'Ékòó, kò sẹ́ni tó máa kọ́ wa níbi tí ike inú gọ́tà ń gbà lọ. Mo ti di irun alátàṣímẹ́ǹtì tó gùn dé ìdí lọ, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ dì í ní ṣùkú tàbí kẹ́ ẹ we gèlè kékeré. Nígbà tá a délé, Bàbá Moyọ̀ jókòó sẹ́yìn mi lórí bẹ́ẹ̀dì, ó tan iná fóònù ẹ̀, ó ń fi èékánná yọ wọ́n kúrò nínú irun mi níkọ̀ọ̀kan. Pupa kan. Yẹ́lò kan. Búlúù kan. Ó ń tò wọ́n sórí sọ́sà, ó ń kà wọ́n. Mo ṣáà ti sọ iṣẹ́ tó ń ṣe fún yín.

Fọ́tò ni mo bínú sí níbẹ̀. Tọkọtaya kan wà níwájú wa, ọ̀dọ́ ni wọ́n, wọ́n múra dáadáa. Yàrá yòówù ká dé, ọkùnrin á dúró, obìnrin á ní kó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, kó rẹ́rìn-ín, rárá, kó tún un rín. Áísìkirimù ọwọ́ ọmọkùnrin yẹn yọ́ títí ó fi ń kán láti ọrùn ọwọ́ ẹ̀ wọ inú apá ṣẹ́ẹ̀tì, kò tíì lá a lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kí fóònù kan ṣoṣo wà níta, kí ọ̀kan yín mú un fún ìdajì, kí ẹnì kejì gbà á, kẹ́ ẹ wá tì í sápò tẹ́ ẹ bá ti dé orí sláìdì.

Ọ̀rọ̀ owó: tẹ́ ẹ bá fi áísìkirimù tẹ́ ẹ máa lá pín owó tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ò ní lọ láyé. Bíi wákàtí kan àbọ̀ lẹ ó ti rí gbogbo ẹ̀ tán. Èmi ò ka áísìkirimù sí owó tí mo san. Ọkùnrin tí mo ti ń rí lójoojúmọ́ láti ilé ìwé gíga, mo rí i níbi tí kò ti mọ ohun tó kàn, tí kò sì lè ṣe bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ni mo sanwó fún.

Alhaja Mushin

Ẹ gbádùn o. Èmi àti ìbàdí mi, a ò sí lórí sláìdì ẹnikẹ́ni.

Nọ́ọ̀sì Ìdí-Àràbà

Mo ti ka gbogbo ẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ inú.

Áísìkirimù tí wọ́n ní kẹ́ ẹ lá títí tó bá wù yín yẹn, wàrà ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tó ti dàgbà, ara wa ò gba wàrà púpọ̀. Ṣúgà kan wà nínú wàrà tí wọ́n ń pè ní lactose. Nígbà tá a wà lọ́mọ ọwọ́, ìfun wa ń pèsè èròjà tó ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, lactase lorúkọ ẹ̀. Bá a ṣe ń dàgbà ló ń dínkù lára ọ̀pọ̀ wa. Tí kò bá ti tó mọ́, ṣúgà yẹn á lọ bá àwọn kòkòrò inú ìfun ńlá, àwọn á fi ṣe fàájì, inú á wú, á máa kùn, ìgbẹ́ gbuuru lè tẹ̀ lé e. Kì í ṣe àrùn, bí ara ọ̀pọ̀ èèyàn láyé ṣe rí nìyẹn.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtàkùrọ̀sọ. Dókítà Olikoye Ransome-Kuti, tó padà di mínísítà ètò ìlera wa, wà lára àwọn tó ṣe ìwádìí ẹ̀ láàárín àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà, ìwé ìròyìn The Lancet sì gbé e jáde ní 1971. Púpọ̀ nínú àwọn Yorùbá àti Ìgbò tí wọ́n yẹ̀ wò ni ara wọn ò gba ṣúgà wàrà yẹn, ọ̀pọ̀ àwọn Fúlàní sì ń mu tiwọn láìsí wàhálà. Ẹni tí àwọn baba ńlá ẹ̀ bá ti ń da màlúù láti ayébáyé, ara ẹ̀ ti mọ́ ọn.

Torí náà, Mọ́mì Tómi, ẹ jẹun gidi kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kí wàrà má lọ bá inú lófìfo. Ẹ tọ́ díẹ̀ wò níbi kọ̀ọ̀kan, ẹ má lá gbogbo ẹ̀ torí pé ẹ ti sanwó. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ní èyí tí kò ní wàrà nínú. Àwọn ilé ìtajà oògùn lọ́hùn-ún máa ń ta oògùn lactase láìgba ìwé dókítà, ẹ lè lò ó tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lá a. Ẹ sì ṣáà mọ ibi tí ilé ìyàgbẹ́ wà kẹ́ ẹ tó gun sláìdì. Mi ò ṣàwàdà.

Yógọ́ọ̀tì sàn díẹ̀ ju áísìkirimù lọ, torí pé àwọn kòkòrò tó ń jẹ́ kó kan ti jẹ lára ṣúgà yẹn sílẹ̀.

Ọmọ Ìdúmọ̀tà

Ẹ rí i! Sáyẹ́ǹsì ti gbè mí. Ẹ padà sí CMS.

Mọ́mì Tómi, Súrùlérè

Ẹ ti pa mí lẹ́rìn-ín o. Ìyá Moyọ̀, mo ka ti Baba Dudu sókè ketekete, Dádì Tómi wà níbi tí wọ́n ti ń jẹun, wọ́n ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀ wọ́n ní, "Báwo ni sláìdì yẹn ṣe ga tó? Kí ni wọ́n fi gbé e dúró?" Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n ní kí n béèrè. Mo mọ̀ pé ẹja ti ń wo ìwọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn nìyí. Wọ́n ní àwọn á lọ, bí mo bá máa bá wọn rin Afárá Brooklyn já láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo ní kò burú. Kí n tó dìde, ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé obìnrin wà nídìí afárá yẹn? Èmi ò mọ̀. John Roebling ló ya àwòrán ẹ̀, ọkọ̀ ojú omi tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́ èbúté ní 1869, àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì gba ojú ọgbẹ́ náà wọlé, ó kú. Ọmọ rẹ̀ Washington gba iṣẹ́, òun náà wọ inú àwọn yàrá tí wọ́n rì sísàlẹ̀ odò láti gbẹ́ ìpìlẹ̀, ìyípadà afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sọ ọ́ di aláìlera. Láti ojú fèrèsé ilé ló ti ń wo iṣẹ́ ara rẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ Emily ló wá ń gbé ọ̀rọ̀ lọ síbi iṣẹ́ tó sì ń gbé èsì bọ̀, ó kọ́ ìṣirò, ó kọ́ nípa agbára irin, ó ń bá àwọn ẹnjiníà àti olóṣèlú sọ̀rọ̀ fún ọdún gbọọrọ. Ní 1883 tí afárá parí, òun ló kọ́kọ́ gun ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin sọdá, wọ́n ní ó gbé àkùkọ kan dání fún àmì ìṣẹ́gun. Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù karùn-ún ni wọ́n ṣí i, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an la máa wà níbẹ̀!

Mo wá sọ fún wọn pé ẹni tó lè sọ irú ìtàn yẹn lórí ẹ̀bà, kò sí ohun tí sláìdì máa fi ṣe é. Wọ́n ní kí n má dá àwọn lóhùn bẹ́ẹ̀ mọ́. Àmọ́ wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ṣì ń bi mí bóyá wọ́n máa ń fọ ike inú kòtò yẹn o.

Ìyá Moyọ̀, Yaba

Ẹ bá mi kí Dádì Tómi. Gíga ẹ̀ ò ju àjà mẹ́ta ilé náà lọ, inú ihò ló gbà, ẹ ò ní rí ìsàlẹ̀, ìyẹn ló ń dáni níjì. Ní ti fífọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lè dáhùn jù mí lọ. Ohun tí èmi rí ni pé òórùn kankan kò sí, bàtà ò sì gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Kí wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ tó mọ́.

Alàgbà Àkọkà

Ọmọ mi Mọ́mì Tómi, o béèrè ti Èkó, kò sẹ́ni tó dá ọ lóhùn.

Irú ilé yẹn gan-an, mi ò mọ èyí tó wà níbí. Tó bá jẹ́ pé o kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ rẹ lè ṣeré níta, àwọn ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń fò sókè fò sílẹ̀ lórí rọ́bà wà ní Lẹ́kí, mú un lọ síbẹ̀ ní Sátidé kan. Tó bá wá jẹ́ ibi tí tọkọtaya ti lè rìn jẹ́jẹ́, lọ sí Oníkan. Ìyẹn tí ọkọ rẹ mọ̀ ti wà níbẹ̀ láti 1957, àmọ́ John Randle Centre wà nítòsí ẹ̀ báyìí, ti àṣà àti ìtàn Yorùbá ni, wọ́n fi àwòrán tó ń rìn àti ohùn ṣe é, kì í ṣe inú gíláàsì nìkan ni wọ́n kó nǹkan sí. Omi ìwẹ̀ tí Dókítà John Randle kọ́ fún àwọn ará Èkó ní 1928 ló wà lórí ilẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀, wọ́n sì tún un ṣe. Láti ibẹ̀ ẹ lè yà sí Freedom Park tó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street nígbà kan, tí wọ́n sọ di ibi fàájì ní 2010. Ilé ọnà Nike ní Lẹ́kí, ọ̀fẹ́ ni wíwọlé ẹ̀, á sì rẹ̀ yín kẹ́ ẹ tó dé àjà òkè.

Ẹni tó bá sì fẹ́ mùsíọ́mù áísìkirimù tí irin àtijọ́ wà nínú ẹ̀, ọkọ rẹ á fẹ́ràn ti Carpigiani lẹ́bàá Bologna ní Ítálì. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ áísìkirimù ló ni ín, wọ́n ṣí i ní 2012, ẹ̀rọ gidi ni wọ́n kó kalẹ̀. Ẹ fìyẹn sílẹ̀ fún ìrìn àjò mìíràn.

Nǹkan kan ń dùn mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fàyè gbà mí. Àwa náà ní nǹkan dídùn tó tó kó ilé kún, Ìyá Moyọ̀ dárúkọ méjì níbẹ̀ lọ́hùn-ún bí eré. Pópó Àgùdà ni wọ́n bí mi sí. Ìyá mi a máa ṣe bàbá dúdú tà. Wọ́n á rin àgbọn, wọ́n á fún omi ẹ̀, wọ́n á gbé e kaná pẹ̀lú ṣúgà, wọ́n á jókòó tì í. Fún ìgbà pípẹ́, funfun ni, ó kàn ń hó. Òróró àgbọn á wá léfòó. Lẹ́yìn náà ló máa ń yí padà kíákíá: á pọ́n, á pupa, á dúdú, òórùn ẹ̀ á gba gbogbo àgbàlá. Tí ìyá mi bá ti gbé omorogùn sókè tí ohun tó ń kán lórí ẹ̀ bá fà gẹ́gẹ́ bí okùn tí kò já, wọ́n á pariwo orúkọ wa. Ìgbà tó bá ṣì gbóná la gbọ́dọ̀ yí i róbótó, àtẹ́lẹwọ́ wa ń jó, a fi òróró pa á. Tó bá tutù lásán, ó ti di òkúta. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ bá yá jù ló máa ń gba èyí tó jó mọ́ ìdí ìkòkò, èmi kì í sábà rí i gbà.

Frejon ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ Rere náà wà níbẹ̀, ẹ̀wà tí wọ́n fi omi àgbọn sè, tí gbogbo Pópó ń gbé àwo ẹ̀ ránṣẹ́ síra wọn, Mùsùlùmí ń gbà, Kìrìsìtẹ́nì ń gbà. Àádùn wà. Gúgúrú wà. Tí ẹnì kan nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ wọ̀nyí tó lówó bá gba ilé kan ní Campos, kó má fi ike kún kòtò fún mi. Kó gbé iná kalẹ̀, kó jẹ́ kí ọkọ àti ìyàwó jọ jókòó ti ìkòkò kan ṣoṣo, kí wọ́n jọ yí i kó tó le. Màá sanwó.

Ọmọ Ìdúmọ̀tà

Bàbá, èyí ni mo máa lọ. Ẹ sọ iye.

Mọ́mì Tómi, Súrùlérè

Ẹ ṣé gan-an sà. Mo ka ti ìyá yín fún Dádì Tómi, wọ́n ní tìyá tàwọn náà máa ń ṣe é ní Èbúté Mẹ́ta, àti pé ìdí ìkòkò làwọn máa ń gbà ní tàwọn. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

A ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ Túsídè, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Afárá láàárọ̀, oúnjẹ gidi lọ́sàn-án bí nọ́ọ̀sì ṣe wí. Àwọn gan-an ló fi káàdì wọn san án. Wọ́n ti ń wá orúkọ tí wọ́n á kọ sáyà. Wọ́n ní ti Baba Dudu ti lọ, wọn kì í tún iṣẹ́ ẹlòmíràn ṣe. Gúgúrú ló wà lókè báyìí. Ó ku kí n mọ ohun tí wọ́n máa wọ̀, torí bùbá àti ṣòkòtò àǹkárá ni wọ́n ń sọ.

Ìyá Moyọ̀, Yaba

Àǹkárá dáa, á yọ̀ dáadáa lórí sláìdì. Kí àpò ṣòkòtò yẹn ṣáà ní síìpù, kẹ́ ẹ sì yí inú ẹ̀ síta kẹ́ ẹ tó wọ ilé àbúrò wọn, pàápàá tí kápẹ́ẹ̀tì bá wà nílẹ̀ níbẹ̀.